Pàṣán tó wà lájà: ọ̀rọ̀ òfin kan ní Belfast, àti ìdí tó fi kàn wá

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni fóònù mi dún. Mo ti jẹun tán, mo ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, mo ní kí n wo bọ́ọ̀lù díẹ̀ kí wọ́n tó mú iná wọn lọ. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ló ń pè, èyí tó wà ní Belfast, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀.

"Dádì Múṣín, ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ ò tíì sùn?"

"Mi ò tíì sùn. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, sà. Mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Nígbà tí ọmọ bá ti ní kéèyàn má bínú kó tó sọ̀rọ̀, àgbà a yáa tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ohun méjì ló sọ sí mi lọ́kàn: bí kò bá jẹ́ owó, á jẹ́ oyún. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ó ní nígbà táwọn jáde ìsìn lọ́jọ́ náà, wọ́n pín ìwé kan fáwọn, kóníkálùkù kọ orúkọ sí i, kó sọwọ́ sí i. Wọ́n fẹ́ kó o lọ fáwọn aṣòfin wọn, láti sọ fún wọn pé àwọn ò fẹ́ òfin kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe. Òfin náà, tí wọ́n bá ṣe é, kò ní í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi tipátipá "wo" ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin "sàn" mọ́. Pásítọ̀ wọn ní ẹni tó bá jẹ́ ti Ọlọ́run á mọ ohun tóun máa ṣe. Ọmọ yìí ki ìwé náà bọ àpò, ó ní òun á dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo ní, "Kí ló wá dé tó ò tíì sọwọ́ sí i?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Nítorí àwọn ará ilé kejì mi ni, sà."

Ọkùnrin méjì ló ń gbé ilé kejì rẹ̀, wọ́n sì ti wà pọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, òun kì í kí wọn, òun máa ń yíjú síbòmíì ni. Àfìgbà tó di oṣù August 2024 tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Belfast, tí àwọn jàǹdùkú ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì, tí ẹ̀rù ò jẹ́ kí ọmọ yìí lè dá rìn lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì yìí wá kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi mọ́tò gbé e lọ lálẹ́, tó tún lọ gbé e láàárọ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì, bí mo bá sọwọ́ sí i, ojú wo ni màá fi kí wọn? Bí mi ò bá sì sọwọ́ sí i, ojú wo ni màá gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ọ̀rọ̀ dópin lẹ́nu èmi tí wọ́n ń pè lágbà. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbọ́, torí mo rò pé ó kan púpọ̀ nínú yín tẹ́ ẹ lọ́mọ nílùú òyìnbó, ó sì tún kan àwa tá a wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tá à ń sọ. Àríwá Ireland kì í ṣe orílẹ̀-èdè tó dá dúró. Abẹ́ ìjọba Britain ló wà, àgbègbè kékeré ni, nígbà tí wọ́n sì kà wọ́n lọ́dún 2021, wọn ò pé mílíọ̀nù méjì. Àmọ́ wọ́n nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn ní Stormont, ní Belfast, tó ń ṣòfin fún àgbègbè náà, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tiwa níbí ṣe ń ṣe. Ẹ̀sìn sì wọ̀ wọ́n lára, kì í ṣe kékeré. Ẹ̀sìn yẹn náà ló bá wọn jà. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di 1998, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ kí ìlú máa wà lábẹ́ Britain, àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà tó fẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ Ireland yòókù, àtàwọn ṣọ́jà ìjọba, wọ́n ń yìnbọn lura wọn, wọ́n ń ju bọ́ǹbù. Àwọn tó kú lé ní 3,500.

Nínú gbogbo ìjà yẹn, tí Pùròtẹ́sítáǹtì ò lè bá Àgùdà jókòó, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn aṣáájú ìjọ méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lé lórí: wọn ò fẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ṣé ẹ rí ayé bí?

Òfin tí wọ́n fi ń mú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà náà, òfin ayé Ọbabìnrin Victoria ni, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1861 àti èyí tí wọ́n fi kún un lọ́dún 1885. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ti pa tiwọn rẹ́ ní 1967, wọ́n ní ohun tí àgbàlagbà méjì bá fínnúfíndọ̀ ṣe nínú yàrá wọn, ọwọ́ ọlọ́pàá ò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Scotland tẹ̀ lé wọn ní 1980. Àríwá Ireland ní àwọn kọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé kí ló kan wá níbẹ̀, ẹ wo abala 214 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tá à ń lò níhà ìsàlẹ̀ Nàìjíríà níbí. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe Aláàfin ló kọ ọ́, kì í ṣe Ọọ̀ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá ṣèjọba lé wa lórí ló gbé e wá. Wọ́n ti kọ irú rẹ̀ fún Queensland ní Australia ní 1899, ọ̀dọ̀ ìyẹn ni wọ́n ti rí i kọ, wọ́n sì fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1916. Òfin tiwa àti tàwọn ará Belfast, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyá tó bí wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ ní 1967, àwọn ọmọ ló ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kiri.

Ó dáa. Ní oṣù January 1976, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé ọkùnrin kan ní Belfast. Jeffrey Dudgeon lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé níléeṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kẹ́rù ni. Oògùn olóró ni wọ́n láwọn ń wá. Wọ́n tú ilé, wọ́n rí lẹ́tà àti ìwé tó ń kọ ìrírí ojoojúmọ́ sí. Lẹ́tà yẹn ni wọ́n kó, wọ́n mú òun alára lọ sí àgọ́ wọn, ó sì lé ní wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi da ìbéèrè bò ó nípa àwọn tó ń bá sùn. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó sọ fún un pé àwọn ò ní í gbé e lọ sílé ẹjọ́ mọ́. Àwọn mìíì ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Dudgeon ò lọ. Ó gbé ìjọba Britain lọ sílé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg.

Bó ṣe wà lẹ́nu ẹjọ́ yẹn ni Ẹni-ọ̀wọ̀ Ian Paisley bọ́ síta. Pásítọ̀ ni, olóṣèlú ni. Òun ló dá ìjọ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1951, òun ló tún dá ẹgbẹ́ òṣèlú DUP sílẹ̀ ní 1971, ohùn rẹ̀ sì le bí ààrá. Ní 1977, ó bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n gba ìlú àwọn lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Sódómù. Ìwé ni wọ́n gbé kiri nígbà náà náà, àwọn èèyàn sì ń sọwọ́ sí i. Àwọn tó sọwọ́ fẹ́ẹ̀ pé 70,000. Ẹ rí i pé ìwé tí wọ́n fún ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ó ní bàbá, ó ní bàbá àgbà.

Ní ọjọ́ 22 oṣù October 1981, ilé ẹjọ́ dájọ́. Adájọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló gbè é, mẹ́rin ló ta kò ó. Wọ́n ní ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa yọjú wo yàrá àgbàlagbà tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tó di 1982, Lọ́ńdọ̀nù yí òfin náà padà fún Àríwá Ireland. Ẹ tún gbọ́ èyí: Dudgeon yìí kì í ṣe ọ̀tá ìjọba rárá. Ó wà lára àwọn tó fẹ́ kí ìlú wọn máa wà lábẹ́ Britain, àwọn ará Belfast sì dìbò fún un nígbà tó dàgbà, ó ṣe kánsẹ́lọ̀ láti 2014 sí 2019. Ẹni tí wọ́n kó lẹ́tà rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ló wá jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu lórí ìlú yẹn.

Ibi tó wá dùn mí jù nínú ìtàn náà ló kù yìí. Ní 1998 tí wọ́n parí ìjà, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá pọ̀ jù nílé aṣòfin lè máa fi ọ̀pọ̀ rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Wọ́n wá ṣe ètò kan: bí aṣòfin 30 bá ti fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ kan ń kó àwọn láyà sókè, ọ̀pọ̀ ìbò lásán ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé mọ́, àfi tí ìhà méjèèjì bá fara mọ́ ọn. Ètò tó dáa ni. Ààbò ni fẹ́ni tí kò pọ̀. Kí Àgùdà má baà tẹ Pùròtẹ́sítáǹtì mọ́lẹ̀, kí Pùròtẹ́sítáǹtì má sì tẹ Àgùdà mọ́lẹ̀.

Láti 2012 ni wọ́n ti ń gbé àbá wá síwájú ilé pé kí ìjọba ṣòfin tí yóò gba ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì láyè láti ṣègbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbá náà ṣubú. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ní ọjọ́ 2 oṣù November 2015, aṣòfin 53 ló dìbò fún un, àwọn tó sì fẹ́ ẹ pọ̀ ju àwọn tí kò fẹ́ ẹ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n ṣẹ́gun, àbí? Rárá o. Ẹgbẹ́ DUP ti fa ìwé ìfòyà yẹn yọ. Ìbò ò wúlò, ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Wọ́n ṣe agboòrùn kan kí òjò má pa ẹni tí kò pọ̀. Ẹni tó lágbára já a gbà, ó wá ń fi igi agboòrùn náà gbá ẹni tí òjò ń pa lórí. Àwa náà mọ irú eré yìí dáadáa níbí, ẹ jẹ́ n dákẹ́. Àwọn fúnra wọn rí i pé kò dáa, nígbà tó sì di 2022 wọ́n tún òfin náà ṣe, pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ò lè dá ìwé náà fà yọ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń bá ìyẹn lọ, kéèkì tún dá tiẹ̀ sílẹ̀. Ní 2014, ọkùnrin kan lọ sí bẹ́kìrì kan ní Belfast tí wọ́n ń pè ní Ashers, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe kéèkì, kí wọ́n ya ọmọláǹgidi méjì inú ètò Sesame Street sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí aráyé ti ìgbéyàwó irú àwọn èèyàn yìí lẹ́yìn. Póún mẹ́rìndínlógójì àtààbọ̀ lowó rẹ̀. Wọ́n gbowó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n pè é padà, wọ́n ní onígbàgbọ́ làwọn, àwọn ò lè kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, kó wá gbowó rẹ̀. Ó di ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kékeré dá wọn lẹ́bi, kòtẹ́milọ́rùn dá wọn lẹ́bi. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain, ní ọjọ́ 10 oṣù October 2018, gbogbo àwọn adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé bẹ́kìrì ló jàre.

Mo fẹ́ kẹ́yin tẹ́ ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ fetí sí ìdí tí wọ́n fi jàre. Àwọn adájọ́ ò sọ pé bẹ́kìrì lè lé oníbàárà nítorí irú ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ kọ́ o, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kò sẹ́ni tí wọ́n lè fi òfin mú ní dandan láti kọ ọ̀rọ̀ tí kò gbà gbọ́. Oníkéèkì kọ ọ̀rọ̀, kò kọ èèyàn. Nípa bẹ́ẹ̀, òfin kan náà dáàbò bo ọkùnrin tó fẹ́ rajà, ó sì dáàbò bo ẹ̀rí ọkàn ẹni tó ń tajà. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé bí wọ́n bá ti fún àwọn kan lẹ́tọ̀ọ́, tẹ̀yin ti tán nìyẹn, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ kéèkì Belfast.

Ilé aṣòfin Stormont tú ká ní January 2017 nítorí ìjà tó yàtọ̀ sí èyí, ó sì lé lọ́dún mẹ́ta tí kò fi ṣiṣẹ́. Lọ́ńdọ̀nù wá ṣòfin lórí wọn ní 2019: bí àwọn aṣòfin ibẹ̀ ò bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ 21 oṣù October ọdún yẹn, òfin ìgbéyàwó yóò bẹ̀rẹ̀. Wọn ò padà. Òfin bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, nígbà tó sì di oṣù February, obìnrin méjì kan ṣègbéyàwó ní Carrickfergus, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. Ọ̀run ò ya. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ṣì ń ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ìjọ tó bá wù ló lè so irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ pọ̀, ìjọ tí kò bá wù, kò sẹ́ni tó lè fipá mú un.

Èyí tó kù ni èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Ní ọjọ́ 20 oṣù April 2021, ilé aṣòfin tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ jókòó lórí àbá kan pé kí wọ́n fòfin de fífi tipátipá yí irú àwọn èèyàn yìí padà. Ẹni 59 ní kí wọ́n ṣe é, ẹni 24 ní rárá. Ẹgbẹ́ DUP ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àbá náà pé kò kan ìwàásù, àdúrà àti ìmọ̀ràn pásítọ̀. Àwọn yòókù ò gbà. Nígbà tó kan ìbò, Arlene Foster, olórí DUP, tó tún jẹ́ olórí ìjọba Àríwá Ireland nígbà náà, kò dìbò síbì kankan. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ kan ò kọjá dáadáa tí àwọn èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀wé pé àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Inú ti ń bí wọn tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òwò àti ẹnu ibodè, lóòótọ́ ni, àmọ́ àtẹnudákẹ́ ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó da omi síná. Ní ọjọ́ 28 oṣù April yẹn kan náà, ó ní òun á fipò sílẹ̀. Obìnrin tó ti ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún yìí wá, ọjọ́ kan ṣoṣo tó dákẹ́ ni wọ́n fi gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àbá lásán ni àbá yẹn o, kì í ṣe òfin. Ìlérí ni wọ́n ṣe pé òfin ń bọ̀. Ọdún 2021 lọ, òfin ò dé. 2022 lọ, 2023 lọ, 2024 náà lọ, wọ́n ṣì ń fà á. Ìdí tí ìwé fi ń lọ, tí ìwé fi ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Ká má parọ́, ẹ̀rù tó ń ba pásítọ̀ ọmọ mi kì í ṣe ẹ̀rù òfìfo. Bí àgbàlagbà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá pé kí wọ́n bá òun gbàdúrà, ṣé ọlọ́pàá á wá mú pásítọ̀? Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ kedere. Àmọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Àwa ọmọ Yorùbá, ta ló fẹ́ sọ fún wa pé a ò mọ ohun tí "àtúnṣe" máa ń dà? Ní oṣù November 2019, ní Ọ̀jọ́ọ́, Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 250 jáde kúrò nínú ilé kan tí wọ́n kó wọn pa mọ́ sí, lórúkọ pé wọ́n ń tún ìwà wọn ṣe. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹlòmíì nínú wọn. Àwọn òbí àti ẹbí wọn ló mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìfẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ló gbé wọn débẹ̀, àmọ́ okùn kan náà ni. Ẹni tó bá ti gbà pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti de èèyàn mọ́lẹ̀ kó tó lè dáa, kò mọ ibi tó yẹ kóun dúró.

Àwọn kan nínú yín á ti máa sọ báyìí pé, "Ọ̀gbẹ́ni yìí, Bíbélì ńkọ́? Kùránì ńkọ́?" Mo gbọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ ya ojú ewé kankan nínú méjèèjì. Imáámù tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, tàbí pásítọ̀ tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àmọ́ ohun tí a kà sí ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ tí a kì í torí ẹ̀ jẹ́ kí wọ́n léèyàn níṣẹ́, tàbí kí wọ́n lé e nílé tó háyà. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ là ń fi ọlọ́pàá mú, ta ni ì bá ṣẹ́kù ní Èkó yìí tí yóò ra ìwé ìròyìn yìí kà?

Ti ilé wa ńkọ́? Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2014 wà nílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá fẹ́ni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá fẹ́ni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Mi ò wá ba òfin jà lójú ewé yìí. Ohun tójú mi rí ni màá sọ. Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa, àwọn gbájú-ẹ̀ tàn án lórí fóònù bíi pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n lù ú bí ẹní lu bàrà, wọ́n sì mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi káàdì gbowó, wọ́n gba gbogbo owó tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá bá mi lóru, ó ń sunkún. Mo ní kí a lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní, "Kí n lọ sọ kí ni fún wọn? Kí wọ́n má baà dá a padà sí ọmọ mi lọ́rùn?" A ò lọ. Àwọn olè yẹn sì mọ̀ pé a ò ní í lọ, ohun tí wọ́n gbójú lé nìyẹn. Ẹni tí òfin bá ti kọ̀yìn sí, olè ló máa ń rí i he.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Belfast, kí n lè dáhùn ìbéèrè ọmọ. Nínú òfin tí wọ́n fi dá ìjọba wọn sílẹ̀ ní 1998, abala kan wà níbẹ̀, 75 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ó pàṣẹ fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n rí i pé àǹfààní dọ́gba láàárín àwọn èèyàn ìlú. Ó wá kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀sìn tó yàtọ̀, èrò òṣèlú tó yàtọ̀, ẹ̀yà tó yàtọ̀, ọjọ́ orí, ẹni tó ti ṣègbéyàwó àtẹni tí ò tíì ṣe é, ẹni tí ọkàn ń fà sí ọkùnrin tàbí obìnrin, akọ àti abo, aláàbọ̀ ara àtẹni tára rẹ̀ pé, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tàbí arúgbó àtẹni tí kò ní. Ẹ tún un kà. Inú gbólóhùn kan náà ni "ẹ̀yà" wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin méjì ilé kejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dáàbò bo ọmọ mi tó jẹ́ èèyàn dúdú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti dáàbò bò wọ́n. Orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí. Bí ẹnì kan bá ń fa ẹní náà tu lápá ọ̀dọ̀ wọn, tí ọmọ mi ń bá a fà á, ìdí ta ni yóò kanlẹ̀ tẹ̀ lé e?

Kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí ìdáhùn. Ní August 2024, wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Belfast. Ní June 2025, ní Ballymena tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n dáná sunlé àwọn àjèjì, àwọn ẹbí kó ọmọ wọn sá kúrò. Àwọn tó ń ju òkúta yẹn ò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé ó ti sọwọ́ sí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwa tá a jẹ́ ìyàwó kékeré nílùú òyìnbó, tá ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí, ṣé àwa ló yẹ ká máa gbé àkàbà fẹ́ni tó fẹ́ gun àjà lọ mú pàṣán?

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo pè é. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má sọwọ́ sí i. Tí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá sì ní kó o sọ nǹkan, jókòó, kọ lẹ́tà tìrẹ sí aṣòfin àdúgbò rẹ. Sọ fún un pé kí òfin náà jẹ́ kó yé gbogbo ayé pé àdúrà tí àgbàlagbà fẹnu ara rẹ̀ tọrọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó o sì sọ fún un pé dídè, nínà, fífebi pani, àti fífipá mú ọmọdé, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, àní bó jẹ́ iwájú pẹpẹ."

Ó ní, "Dádì, inú pásítọ̀ ò ní í dùn o."

Mo ní, "Mo mọ̀. Mi ò sọ fún ẹ pé ọ̀fẹ́ ni."

Ní ọjọ́rú tó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó dá ìwé náà padà bí wọ́n ṣe fún un, kò sí orúkọ níbẹ̀. Pásítọ̀ gbà á, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń dá orin fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lọ́jọ́ yẹn, ẹlòmíì ni wọ́n gbé máíkì fún. Ó ní òun jókòó sẹ́yìn, òun sì bá wọn gbe orin.

Nígbà tó délé, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Ó ní òun kí i, ó sì dáhùn, ó bi òun pé ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ sí lónìí. Òun ní ó lọ dáadáa.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.